Ọkọ̀ Ń Dán, Ọ̀dà Ń Tán

Ọ̀rọ̀ àsọyé níwájú àwọn olùfọkọ̀, awakọ̀ àti pẹ́ńtà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́, ẹ̀yin awakọ̀, ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́ tí ẹ dúró sẹ́yìn nítorí pé àga ò kárí, mo kí yín. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú oòrùn. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìtọ́jú ara ọkọ̀, mo sì mọ̀ pé ohun tí púpọ̀ nínú yín ń retí ni kí n dárúkọ ọṣẹ tuntun kan, tàbí kí n sọ pólíìṣì tó dára jù lọ́jà. N ò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbé wá kò dùn tó yẹn: púpọ̀ nínú ohun tí àwa tí à ń pe ara wa ní oníṣẹ́ ń ṣe sí ọkọ̀ oníbàárà ló ń bà á jẹ́, a sì tún ń gbowó lé e. Kì í ṣe ìwà burúkú. Bí àwọn ọ̀gá wa ṣe kọ́ wa nìyẹn, nígbà tí àwọn náà sì kọ́ ọ, ó tọ̀nà. Ọkọ̀ ti yí padà, ọwọ́ wa ò tíì yí. Àwọn àgbà ló ní ọgbọ́n ọdúnnìí, wèrè ẹ̀míì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí ọ̀dà bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, fánísì ni wọ́n ń kùn sára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bí wọ́n ti ń kùn ún sára kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi ń kùn ún, ìpele lórí ìpele, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó tó gbẹ tán. Ní 1923 ni DuPont àti General Motors ní Amẹ́ríkà gbé ọ̀dà kan jáde tí wọ́n pè ní Duco. Nitrocellulose, irú kẹ́míkà kan, ni wọ́n fi ṣe é, ọkọ̀ Oakland ti ọdún 1924, aláwọ̀ búlúù, ló sì kọ́kọ́ gbé e wọ ìgboro. Ọ̀dà yìí ń yára gbẹ, ẹ̀rọ sì lè fọ́n ọn. Ṣùgbọ́n bó bá gbẹ tán, ojú rẹ̀ kì í dán. Ẹni tó bá fẹ́ kó dán ní láti fi kọ́ḿpáùǹdù, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tó ní hóró wẹ́wẹ́ tó ń ha nǹkan, ha á títí ojú rẹ̀ á fi tẹ́. Ibẹ̀ ni kọ́ḿpáùǹdù ti di ọ̀rẹ́ pẹ́ńtà. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ṣì ń dárúkọ sẹ́lúlóòsì, òun náà nìyẹn.

Nígbà tí Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kaduna ní 1975, tí Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó lọ́dún kan náà, ọkọ̀ tí ọ̀dà rẹ̀ jẹ́ olójú kan ṣì pọ̀ lójú títì wa. Olójú kan, ìyẹn ni pé àwọ̀ tí ẹ ń wò gan-an ló wà lókè, kò sí nǹkan kan tó bò ó. Bí oòrùn bá pa á fún ọdún mélòó kan, òkè rẹ̀ á kú, á funfun bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun pa á. Pẹ́ńtà á mú kọ́ḿpáùǹdù, á ha èyí tó kú kúrò, àwọ̀ tútù tó wà nísàlẹ̀ á sì yọ. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá ti fọ Volkswagen Ìjàpá pupa rí: àkísà á pọ́n, ọwọ́ rẹ̀ náà á pọ́n. Kò sóhun tó burú ńbẹ̀, torí ọ̀dà náà nípọn, wọ́n sì ti mọ̀ láti ilé iṣẹ́ pé wọ́n á máa ha á.

Láàárín 1980 sí 1990 ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lágbàáyé fi ọ̀nà yẹn sílẹ̀ kan lẹ́yìn òmíràn. Lónìí, wọ́n á kọ́kọ́ fi èyí tó ń dènà ìpẹtà sára irin, wọ́n á fi béèsì tó ní àwọ̀ lé e, wọ́n á wá fi kílíà bo gbogbo rẹ̀. Kílíà yìí kò ní àwọ̀ kankan. Òun lẹ ń rí tó ń dán, òun ló ń gba oòrùn, òun ló ń gba òjò, inú rẹ̀ ni oògùn tó ń dènà ìtànṣán oòrùn wà. Àwọ̀ tó wà lábẹ́ kò lè dá oòrùn gbà.

Báwo ló ṣe nípọn tó? Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a fi ń wọn ọ̀dà, a kàn ń gbé e lé ara irin ni. Lára ọkọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì tún kùn, gbogbo ọ̀dà láti irin dé òkè sábà máa ń wà láàárín micron 100 sí 150. Ẹgbẹ̀rún kan micron ló ń jẹ́ mílímítà kan. Pépà tí ẹ fi ń ṣe fọ́tókọ́pì, ẹyọ kan rẹ̀ tó bíi micron 100. Kílíà nìkan kò ju bíi 40 tàbí 50 lọ. Ẹ mú pépà kan, ẹ fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ wá rò ó pé ìdajì rẹ̀ ló ń dáàbò bo ọkọ̀ oníbàárà yín. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa kì í fẹ́ kí ohun tí wọ́n máa ha kúrò nínú rẹ̀, ní gbogbo ọjọ́ ayé ọkọ̀ náà, kọjá bíi micron 8. Lẹ́yìn ìyẹn, oògùn oòrùn tó kù kì í tó nǹkan mọ́.

Ẹ wo orí àwọn tòkúnbọ̀ tó ń kọjá lójú ọ̀nà. Òrùlé àti bọ́nẹ́ẹ̀tì, ibi tí oòrùn ti ń pa á jù, á ní àbààwọ́n funfun, etí àbààwọ́n náà á máa ṣí kúrò. Kílíà ló kú yẹn. Oòrùn nìkan lè fà á, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n oòrùn pẹ̀lú kọ́ḿpáùǹdù ọdọọdún yára ju oòrùn nìkan lọ. Bó bá sì ti ṣí, kò sí pólíìṣì tó lè dá a padà, àfi kí wọ́n ha gbogbo ibẹ̀, kí wọ́n tún un kùn. Mo ti rí ẹni tó ń fi kọ́ḿpáùǹdù ha irú ibẹ̀ yẹn láti àárọ̀ di ọ̀sán, tó ń sọ fún oníbàárà pé ó ṣẹ́kù díẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ọmọ iṣẹ́ fi lè mọ irú ọ̀dà tó wà níwájú rẹ̀ láìsí ẹ̀rọ. Fi pólíìṣì díẹ̀ sórí àkísà funfun, fi pa ibi kọ́lọ́fín kan. Bí àwọ̀ ọkọ̀ bá wá sára àkísà, olójú kan ni. Bí kò bá wá, kílíà lo wà lórí rẹ̀ yẹn. Ìdánwò yìí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ, síbẹ̀ n kì í rí ẹni tó ń ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n fi pẹ́ńtà sílẹ̀ díẹ̀, kí n kọjú sí ẹ̀yin awakọ̀. Ibi tí wọ́n ti ń ba ọkọ̀ jẹ́ jù kì í ṣe ká-wọ́ọ̀ṣì o, inú ọgbà ilé ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, awakọ̀ tàbí máígádì á mú àkísà, á nu ọkọ̀ ọ̀gá láti bọ́nẹ́ẹ̀tì dé búùtù, láìsí omi rárá, tàbí pẹ̀lú omi ìsàlẹ̀ garawa kan báyìí. Ọ̀gá á jáde, á rí i pé ó ń dán, á ní ẹ ṣé. Ojoojúmọ́ ni. Bí ọyẹ́ bá dé, wọ́n lè nù ún lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, torí eruku ò jẹ́ kó sinmi. Níbo wá ni eruku ọyẹ́ ti ń wá? Láti aginjù Sàhárà ni, pàápàá láti agbègbè Bodélé ní Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Iyanrìn wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀ tí ojú ò lè rí, iyanrìn sì le débi pé ó ń ha irin ọ̀bẹ. Ohun tó ń ha ọ̀bẹ lẹ fi àkísà tẹ̀ mọ́ ara kílíà yẹn, tí ẹ wá ń fi yí po.

Bí ẹ bá fẹ́ rí iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ lọ sídìí ọkọ̀ dúdú kan lálẹ́, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹ ó rí ìlà wẹ́wẹ́, àìmọye, gbogbo wọn yí iná tọ́ọ̀ṣì náà po bí ẹni pé aláǹtakùn ló ta á. Ọkọ̀ ò sí lójú ọ̀nà nígbà tó gba ìlà wọ̀nyẹn. Nínú ọgbà, lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ló ti gbà wọ́n.

Kí la ó ṣe nígbà náà? Ẹ fi omi sílẹ̀ kó kọ́kọ́ ṣàn lé e, kí ó gbé eruku lọ, kí ọwọ́ tó kan ọkọ̀. Bí omi ò bá sí, ẹ fi eruku náà sílẹ̀ títí di ọjọ́ tí omi máa wà. Ọ̀gá tó bá ní ó dójú ti òun níwájú ilé ìjọsìn, ẹ ṣàlàyé fún un. Mo mọ̀ pé ìyẹn le. Awakọ̀ tí ọkọ̀ rẹ̀ léruku, ọ̀lẹ ni wọ́n máa ń pè é.

Ó kan ká-wọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: garawa kan, fóòmù kan, ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú. Fóòmù á fọ rímù, á fọ táyà, á padà sínú garawa, á gun òrùlé lọ. Ó bọ́ sílẹ̀ lórí iyanrìn, wọ́n á he é, wọ́n á fún un, iṣẹ́ á tẹ̀síwájú. Omi inú garawa á ti dúdú kó tó kan ọkọ̀ kẹta. Ẹni tó ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ fọ ọkọ̀ kò yàtọ̀ sí ẹni tó fi omi ìṣanwọ́ tí gbogbo ilé ti ṣan ọwọ́ ọbẹ̀ sí bọ́jú. Garawa méjì ló yẹ: ọ̀kan fún ọṣẹ, ọ̀kan fún omi lásán tí ẹ ó máa ṣan ìdọ̀tí ọwọ́ yín sí kí ẹ tó padà sínú ọṣẹ. Táyà àti rímù yẹ kó ní garawa tirẹ̀ àti búrọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Òkè lẹ ó ti máa fọ̀ bọ̀ wá sílẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ni yanrìn pọ̀ sí jù.

Ọṣẹ lẹ́búlẹ́bú ńkọ́? Wọ́n ṣe é láti gba òróró ọbẹ̀ kúrò lára aṣọ, ó sì mọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí ìda tàbí ohun ààbò kankan bá wà lára ọ̀dà, á kó o lọ. Èyí tí kò yòrò nínú rẹ̀ á di hóró tó ń ha kílíà. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ ò fiyè sí ni pé kò yọ̀ tó. Ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀, yíyọ̀ rẹ̀ ni ẹ ń sanwó fún, kí ìdọ̀tí lè yọ̀ kọjá lórí kílíà láìfà á ya. Kì í ṣe ìfóòfò rẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá fẹ́ràn kí ọṣẹ hó gan-an, a rò pé èyí tó hó jù ló mọ́ jù.

Fífọ ọkọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀. Ara ọkọ̀ dúdú nínú oòrùn wa lè gbóná kọjá ìwọ̀n 60 lórí Celsius. Omi á gbẹ kí ẹ tó nù ún, iyọ̀ inú omi á sì kù sílẹ̀ ní róbótó róbótó. Bó bá jẹ́ omi bọ́họ́ólù ọ̀nà Lẹ́kí sí Ajah, tí irin inú rẹ̀ máa ń sọ garawa di àwọ̀ ilẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bí ọkọ̀ funfun ṣe máa ń rí lẹ́yìn rẹ̀. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ ẹyẹ náà nìyẹn: ẹ má fi èékánná họ ọ́, ẹ fi tíṣù tó rin gbingbin bò ó mọ́lẹ̀ kó rọ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ rọra gbé e. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ nínú oòrùn di ọjọ́ kejì, ó lè jẹ kílíà wọlé.

Kẹrosíìnì. Ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ibí ni a ti máa jà. Kò sí ká-wọ́ọ̀ṣì tí mo dé tí n ò rí kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì níbẹ̀. Wọ́n ń fi pa táyà kó lè dúdú, wọ́n ń fi pa bọ́ńpà tó ti ṣá, wọ́n ń fọ́n ọn sínú ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń fi nu ọ̀dà coal tar kúrò lára ilẹ̀kùn. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, mo fara mọ́ ọn: díẹ̀ lórí àkísà, kí ẹ nù ún, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ibẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn tó kù ni wàhálà. Rọ́bà tó wà létí ilẹ̀kùn àti ọ̀pọ̀ hóòsì inú ọkọ̀ ìwòyí jẹ́ irú kan tí ń jẹ́ EPDM. Rọ́bà yìí kì í bá oòrùn jà, kì í bá omi gbígbóná jà, ṣùgbọ́n ọ̀tá rẹ̀ ni epo ilẹ̀. Bí kẹrosíìnì bá wọ̀ ọ́ lára, á wú, á rọ̀, á sì fẹ̀ kúrò ní ààyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà oníbàárà á wá sọ pé òjò ń wọ inú ọkọ̀ òun, rọ́bà ilẹ̀kùn lẹ ó sì máa bú. Ti bọ́ńpà, ó ń dán di ọjọ́ kejì ni, á wá kó eruku ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́ bó ṣe rí. Nígbà tí ọkọ̀ ń lo kabúrétọ̀, tí gbogbo wáyà inú rẹ̀ ò ju ohun tí rẹ́wáyà lè kà lórí ìka lọ, mẹkáníìkì lè fi pẹtiróòlù àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, kó fi omi ṣan án, kó sì rìn lọ. Kò bọ́gbọ́n mu nígbà yẹn náà, torí iná, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì lè fara dà á. Ẹ́ńjìnnì ìwòyí kún fún sẹ́ńsọ̀, kọ́ìlì orí púlọ́ọ̀gì, àti ẹnu wáyà tí wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ dì. Omi tó ń fi agbára jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ìfọkọ̀ á gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà yẹn wọlé. Ọkọ̀ lè má kọ̀ lọ́jọ́ náà. Á dọ̀sẹ̀ kejì, iná ẹ́ńjìnnì á tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ọkọ̀ á máa gbọ̀n, onímọtò á ra kọ́ìlì tuntun, kò ní rántí ọjọ́ ìfọkọ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí a ò fi kọ́gbọ́n: ìbàjẹ́ náà kì í ṣẹlẹ̀ lójú wa. Èrò tèmi ni pé ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ò nílò ìwẹ̀. Bí epo bá ń jò tí mẹkáníìkì fẹ́ rí ibi tó ti ń jò, ó dáa, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ fi ọ̀rá bo alternator, ẹ̀rọ tó ń pèsè iná fún ọkọ̀, àti ẹnu wáyà, ẹ fi ohun ìfọ̀ tí omi lè ṣan kúrò pa á, kí ẹ fi omi tí kò lágbára ṣan án.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fọ́n kọ́ńdẹ̀m, ìyẹn òróró ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, sí abẹ́ ọkọ̀ kí ó má baà pẹtà, ọ̀rọ̀ yín ò pọ̀. Abẹ́ ọkọ̀ kún fún búṣì onírọ́bà, òróró sì ń ba rọ́bà yẹn jẹ́. Ẹ̀ẹ́mẹ́wàá ni mo máa gbà kí ìpẹtà díẹ̀ wà lábẹ́ ọkọ̀ mi ju kí gbogbo búṣì iwájú wú lọ. Ilẹ̀ tó ń kán sí ńkọ́, àti gọ́tà tó ń gbé e lọ sínú kànga àwọn aládùúgbò?

Mo fẹ́ padà sọ́dọ̀ pẹ́ńtà báyìí, torí ẹ̀rọ pólíìṣì ni mo tìtorí rẹ̀ wá gan-an. Ẹ̀rọ tí ojú rẹ̀ ń yí lójú kan, tí wọ́n fi irun àgùntàn sí lẹ́nu, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kun ọkọ̀ ló ti wá. Ó yára, ó sì ń gé. Lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, tó sì ní sùúrù, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ṣùgbọ́n mélòó ló mọ̀ ọ́n? Bó bá dúró lójú kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, ooru á kóra jọ níbẹ̀. Bó bá kan etí bọ́nẹ́ẹ̀tì tàbí ìlà tó ga lára ilẹ̀kùn, ibi tí ọ̀dà ti fẹ́lẹ́ jù, ó lè gé kílíà já, kí oníṣẹ́ tó mọ̀, ó ti dé béèsì. Bí kò bá tilẹ̀ gé e já, ó sábà máa ń fi àpá sílẹ̀, irú èyí tó dà bí òjìji tó ń rìn lára ọkọ̀ bí oòrùn bá kàn án láti ẹ̀gbẹ́. Lábẹ́ ìbòòji, ẹ ò ní rí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fi dáa nínú ṣọ́ọ̀bù, tó wá burú nígbà tí ó dé ilé onílé.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù ni àwọn tó mú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé irin, tí wọ́n yọ dísìkì rẹ̀, tí wọ́n wá so fóòmù mọ́ ọn. Ẹ̀rọ yẹn lè yí nǹkan bí ìgbà 11,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ pólíìṣì, nǹkan bí 1,000 sí 3,000 ni. Kílíà kò lè yè é.

Ẹ̀rọ kan wà tó sàn fún ọ̀pọ̀ nínú wa, èyí tí ojú rẹ̀ ń yí, tó sì tún ń mì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ jù, tàbí bí ó bá gun etí, yíyí rẹ̀ á dín kù tàbí kó dúró, fún ìdí yìí kì í yára jó ọ̀dà. Ó lọ́ra ju ti àtijọ́, mo gbà. Ọmọ iṣẹ́ lè fi í kọ́ṣẹ́ láìba ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Kí ẹ tó sì gbé ẹ̀rọkẹ́rọ̀ lé ọkọ̀, ẹ wọn ọ̀dà rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ìwọ̀n bá sọ pé 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n ti tún ibẹ̀ kùn, ó ṣeé ṣe kí pọ́tì, ìyẹn ohun tí wọ́n fi ń dí ojú ibi tó wọnú, wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá sọ pé 80, ẹ gbé ẹ̀rọ yín, ẹ fi ọwọ́ pa ìda sí i, kí ẹ gba owó ìda nìkan. Ìlànà mi ni pé pólíìṣì tó fẹ́lẹ́ jù ni mo máa kọ́kọ́ dán wò lójú kékeré kan. Bó bá tó, ó tó. A kì í ti orí kọ́ḿpáùǹdù bẹ̀rẹ̀.

Àwọn kan ò tilẹ̀ ń ha nǹkan kan kúrò, wọ́n kàn ń fi òróró àti sílíkónì dí ojú ìlà náà ni. Ọkọ̀ á dán bí dígí, oníbàárà á sanwó, lẹ́yìn ìfọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin gbogbo ìlà á padà yọjú. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá. Ẹ̀yin pẹ́ńtà lẹ sì máa ń jìyà rẹ̀ jù, torí bí sílíkónì bá ṣẹ́kù lára irin lọ́jọ́ tí ẹ fẹ́ fọ́n ọ̀dà, ọ̀dà tuntun á máa sá sẹ́yìn, á lu ojú róbótó róbótó tí ẹ ń pè ní ojú ẹja. Ẹ ó máa bú tínà, ẹ ó máa bú ẹni tó ta ọ̀dà fún yín, nígbà tó jẹ́ pé ká-wọ́ọ̀ṣì ìkọ̀rọ̀ ló ti ń fi sílíkónì pa ọkọ̀ náà láti ọdún méjì. Ìpàdé báyìí ló yẹ kí ẹ ti máa bára yín sọ ọ́.

Ojú iná iwájú ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò ní dígí láti bíi 1984, nígbà tí Lincoln Mark VII di ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tó gbé iná olójú polycarbonate jáde. Ike ni. Bí gbogbo ike yẹn ṣe máa ń rí, oòrùn ń sọ ọ́ di pupa rẹ́súrẹ́sú, nítorí náà ni wọ́n ṣe fi ohun kan tó le, tó tún ń dènà oòrùn, bò ó ní ilé iṣẹ́. Àwọn ọmọ tó ń bá yín fọ iná lójú ọ̀nà, tí wọ́n ń fi sáńpépà àti kọ́ḿpáùǹdù tàbí ọṣẹ ìfọyín ha á, ohun tí wọ́n ń ha kúrò gan-an nìyẹn. Iná á mọ́ kedere lójú ẹsẹ̀. Kò ní pẹ́ ọdún kan, á pọ́n ju ti tẹ́lẹ̀, torí kò sí ohun tó bò ó mọ́. Bí ẹ bá ti ha á, ẹ gbọ́dọ̀ fi kílíà tí wọ́n ṣe fún iná bò ó padà. Ẹni tí kò bá ní kílíà náà, kó má fọwọ́ kan iná.

Rímù: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi omi ìfọṣáláńgà tàbí ásíìdì bátìrì fọ̀ ọ́. Rímù ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìwòyí, alúmíńíọ̀mù tí wọ́n fi kílíà bò ni, ásíìdì á jẹ méjèèjì. Ní òkè òkun, àwọn oníṣẹ́ àtijọ́ fẹ́ràn ohun ìfọrímù tó ní hydrofluoric acid nínú, torí ó yára. Ásíìdì yẹn máa ń gba ara wọlé láìfi bẹ́ẹ̀ ta èèyàn níbẹ̀rẹ̀, á wá máa fa kálísíọ̀mù inú ara, ó lè pa èèyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá fún yín láti ọkọ̀ ojú omi, ẹ dá a padà. Èyí tí wọ́n ń lò báyìí á sọ eruku irin bíréèkì di àwọ̀ àlùkò, á sì ṣàn lọ. Òórùn rẹ̀ ò dáa, ṣùgbọ́n kì í jẹ rímù.

Sítíárìn àti ẹsẹ̀ bíréèkì tí ẹ fi nǹkan dídán pa, mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìyẹn. Ẹsẹ̀ á yọ̀ lórí bíréèkì. Aláwọ náà, ọ̀pọ̀ awọ ìjókòó ọkọ̀ òde òní ni wọ́n ti fi polyurethane, irú ike fẹ́lẹ́ kan, bò, òróró tí ẹ ń fi pa á kò lè wọlé, á kàn jókòó sókè ni, á máa kó ìdọ̀tí. Omi díẹ̀, ọṣẹ tútù, àkísà maikirofáíbà, ó tó.

Mi ò sọ pé gbogbo ohun àtijọ́ ló burú o. Ìda carnauba, tí wọ́n ń gbà lára ewé igi ọ̀pẹ kan ní ìlà-oòrùn àríwá Brazil, wọ́n ti ń lò ó lára ọkọ̀ kí a tó bí ọ̀pọ̀ nínú wa, kò sì tíì ṣe kílíà ní ibi kan. Ohun tuntun náà ní irọ́ tirẹ̀. Àwọn tó ń ta séráámíìkì, ohun olómi tí wọ́n ń fi bo ọ̀dà, á sọ fún yín pé líle rẹ̀ jẹ́ 9H, bí ẹni pé òkúta ò lè ha á. Ìwọ̀n pẹ́ńsùlù ni 9H yẹn. Ohun tó ń sọ kò ju pé pẹ́ńsùlù tó le jù kò ha á lọ. Ẹ fi séráámíìkì sórí ọkọ̀ tó kún fún ìlà, ìlà náà lẹ ti tì mọ́lé.

Ìbéèrè méjì ni mo máa dáhùn. Bàbá awakọ̀ kan bi mí pé ṣé ọṣẹ dúdú ò sàn ju ti lẹ́búlẹ́bú lọ, nígbà tó jẹ́ pé ara èèyàn la fi ń wẹ̀. Bàbá, kò fi bẹ́ẹ̀ sàn. Omi eérú ni wọ́n fi ń sè é, omi eérú náà sì ń gba òróró, ó máa kó ìda lọ bíi tàwọn tó kù. Ẹ gbà á fún ara yín. Ó tún wọ́nwó jù fún ọkọ̀ báyìí.

Arábìnrin tó ní ká-wọ́ọ̀ṣì béèrè pé oníbàárà kì í fẹ́ sanwó fún garawa méjì, wọ́n á ní ti ẹlòmíràn rọjú ju tòun lọ. Òótọ́ ni. Ìdáhùn mi ni pé kí wọ́n tan tọ́ọ̀ṣì sí ọkọ̀ náà níwájú ẹni tó ni ín, kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n jọ wo ìlà tó wà níbẹ̀, kí wọ́n sì fi fóònù ya á. Apá kan nínú wọn á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó rọjú. Àwọn tó bá dúró á mọ ohun tí wọ́n ń sanwó rẹ̀, bí ẹnì kan bá sì padà wá lọ́jọ́ kejì pé ẹ̀yin lẹ ha ọkọ̀ òun, àwòrán wà lọ́wọ́ yín.